Kí Kọ̀ǹpútà Mi Tó Jí, Kò Gbọ́ Faransé

Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ tó wà nílé wa ní Avépozo, létí òkun Lomé, ńṣe ló fajú ro bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lójú títì. Fọ́tò ìgbéyàwó ni o, fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ ni o, èyí tí òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jọ yà nílé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà ni o, ojú kan náà ni. Ibì kan ṣoṣo ló ti rẹ́rìn-ín: nínú fíìmù kékeré tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan òrùlé ilé yìí. Màmá mi dúró sẹ́yìn ẹni tó di kámẹ́rà mú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, bàbá mi yíjú sí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé àlàfo eyín rẹ̀ tó ti yọ hàn kedere. A ò gbọ́ ohun tí màmá mi sọ, a ò sì gbọ́ ẹ̀rín náà, torí atẹ́gùn òkun àti ariwo òòlù ló gba gbogbo ohùn inú fíìmù náà. Àwòrán nìkan ló wà níbẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ni tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo yá láti gbé e sínú kọ̀ǹpútà gbé e tán lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe gbé e tán ló fa téèpù inú rẹ̀ ya, ó lọ́ ọ pọ̀ bí ìfun adìẹ. Láti ìgbà náà, inú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni ẹ̀rín bàbá mi wà.

Bàbá mi ti kú. Ojú màmá mi sì ń lọ. Dókítà ojú sọ fún wa pé omi inú ẹyinjú rẹ̀ ló ń tẹ iṣan ìríran mọ́lẹ̀. Èyí tó ti lọ kò ní padà, oògùn tí à ń kán sí i kàn ń bẹ ìyókù ni pé kó rọra. Màmá mi ní ńṣe lòun ń wo ayé láti inú páìpù, páìpù náà sì ń há sí i. Kò rí nǹkan kan mọ́ lójú fóònù. Ojú kọ̀ǹpútà pàápàá kéré fún un. Ṣùgbọ́n tó bá fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá inú pálọ̀, ó ṣì lè sọ àwọ̀ táì tí ẹni tó ń ka ìròyìn so mọ́rùn, á sì bú u pé kò bá ẹ̀wù rẹ̀ mu.

Lọ́jọ́ kan tí à ń ṣa ẹ̀wà, ó dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ojú bàbá rẹ ti ń pa rẹ́ mọ́ mi nínú. Èyí tó fajú ro nìkan ló kù. Mo fẹ́ rí i níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi."

Mo ní kò le rárá. Okùn kan ni, láti ara kọ̀ǹpútà sí ara tẹlifíṣọ̀n. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fún mi ní kọ̀ǹpútà náà, Lomé ló ti rà á nígbà tó wá kí wa. Ìbàdàn ló ń gbé. Ará Ọ̀yọ́ ni màmá wa, òwò ló gbé àwọn òbí rẹ̀ dé Lomé. Bàbá wa sì jẹ́ Ifẹ̀ ti ìhà Atakpamé ní ilẹ̀ tiwa níbí. Àbúrò mi ṣì kéré nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá wa ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Èmi dúró sí Lomé, mo fi Faransé ka tèmi. Yorùbá ló pa wá pọ̀, oníkálukú sì ti bu iyọ̀ ilé ìwé tirẹ̀ sí i.

Linux ni ètò tó fi sínú kọ̀ǹpútà náà láti máa darí rẹ̀, ó ní kòkòrò kì í jà á. Kádì méjì tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan kéré, kì í jẹ iná, òun ni mo fi ń ṣe ìṣirò tí mo bá gbé iṣẹ́ wálé láti ilé iṣẹ́ irun àtọwọ́dá tí mo ti jẹ́ akọ̀wé ìṣirò ní Zone franche, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Èkejì tóbi, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń mu bátìrì bí ẹni mu omi. Àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ihò okùn tẹlifíṣọ̀n já sí. Àfi kéèyàn mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kó tó jí tán, á kọ ìlà méjì sójú dúdú: ṣé kékeré ni tàbí ńlá? Mo mú ọ̀kan, á sì lọ pe ẹni tó ń darí kádì yẹn. Dírẹ́bà ni àbúrò mi ń pe ẹni tó ń darí kádì. Ní Lomé, pílọ́ọ̀tù ni. Ẹni tó ń wa mọ́tò ní Ìbàdàn, bàálù ló ń wà lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi fíìmù náà han màmá mi, kọ̀ǹpútà ní òun fẹ́ gba àwọn nǹkan tuntun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó gbà á, bí mo ṣe máa ń sọ fún un. Ó gbà á, ó pa ara rẹ̀, ó tún ń jí. Ìlà méjì yọ. Mo mú ńlá. Ojú rẹ̀ dúdú. Mo pa á, mo tún mú kékeré. Ó dúdú. Fáànù inú rẹ̀ ń kùn, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó hàn pé ó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Màmá mi ti wẹ̀, ó ti ró aṣọ tuntun, ó ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì.

"Ṣé ó ti tàn?"

"Kò tíì tàn, Màmá."

Ó jókòó síbẹ̀ títí iṣu orí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Ìgbà tó yá ó dìde, ó lọ bọ́ aṣọ tuntun náà, ó sì ká a sínú àpótí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Amoutivé. Nàgó láti ìhà Pọ̀tọ̀nóvò ni, mo sì mú un torí mo rò pé Yorùbá á jẹ́ kí n lè ṣàlàyé ara mi dáadáa. Kò jẹ́ kí n ṣàlàyé dé ìdajì.

"Dada, fọmaté la máa ṣe." Dada ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa.

Fọmaté ni oògùn gbogboǹṣe àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lomé. Kọ̀ǹpútà kò dún, fọmaté. Ó ń dún jù, fọmaté. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ nù pátápátá, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Mo ní bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ó wò mí. Mo tún un sọ pé fíìmù bàbá mi wà nínú rẹ̀. Ó ṣàánú mi, ó yọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí, ó fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní òun kò mọ irú ẹrù yìí rí, ó sì béèrè bóyá kí òun fọmaté rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Dada? Òun náà sọ ọ́."

Mo ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. Mo gun zémì, ọ̀kadà tiwa, padà sí Avépozo, mo gbá kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, òkun wà lápá ọ̀tún, atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ iyanrìn sí mi lójú, inú sì ń bí mi sí gbogbo èèyàn tó ń kọjá. Mo délé, màmá mi ò béèrè nǹkan kan. Ó gbọ́ bí mo ṣe gbé báàgì kalẹ̀.

Ọjọ́ Sunday nìkan ni àbúrò mi máa ń ráyè. Mo pè é lẹ́yìn ìsìn, ó sì rẹ́rìn-ín pé kò sí wàhálà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ni. Èyí tuntun tó gbà kò bá ara rẹ̀ mu. Ẹ óò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i nígbà tó bá ń jí, ọ̀rọ̀ yẹn á jẹ́ kó jí láìdúró de dírẹ́bà kankan. Tó bá ti jí, a máa tún un ṣe. Bí ìlà méjì yẹn bá ti yọ, ẹ tẹ lẹ́tà í."

Mo tẹ í. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó kọjá lọ."

Mo pa á, mo tan án, mo tẹ í, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. A ṣe é títí fóònù mi fi kú. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ni mo ń tẹ í, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan.

Nígbà tí a tún sọ̀rọ̀, ó ti sú u. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Í! Í ti ewé!"

Mo ní, "Ewé? Ewé kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú í. E ló fi bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Òun náà ni mò ń sọ, mà. Í."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa pe E nìyẹn, nílé ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Nílé ìwé tèmi, í ni í. A bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, a rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Màmá mi gbọ́ ẹ̀rín wa láti ẹ̀yìnkùlé, ó fi ọwọ́ tọ ògiri wọlé kíákíá.

"Ṣé ó ti tàn?"

Ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní kò tíì tàn.

Mo tẹ E ti ewé, ojú dúdú náà sì ṣí, ó kún fún ìlà ọ̀rọ̀ tí n kò mọ orí wọn yàtọ̀ sí ìdí. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi fẹ́ kí n fi kún un, ó fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí ẹnu wa má baà tún dá ìjà sílẹ̀: nomodeset. Mo gbé ìka lé e. N, ó jáde. O, ó jáde. Mo tẹ M, àmì kóómà tó ru ẹ̀kán kan lérí ló jáde.

"Ẹ tẹ M, mà."

"M ni mo tẹ̀."

"Kí ló jáde?"

"Kóómà tó ru nǹkan."

Ó wá ọ̀nà tí kò fi ní rí àgbà fín. Ó ní bóyá bọ́tìnì M ti bàjẹ́. Mo rò ó, ó bọ́gbọ́n mu. Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tuntun, ta ló sì mọ ohun tí ọkùnrin Amoutivé fi ọwọ́ kàn nínú rẹ̀? Bí mo ṣe gba ààyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí ọjà ńlá, mo ra pátákó ìtẹ̀wé mìíràn, tuntun, nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo tẹ M. Kóómà tó ru ẹ̀kán ló jáde.

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo gbà pé nǹkan náà kọjá agbára mi. Kì í ṣe pé n kò kàwé, kì í ṣe pé n kò bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tí kò gùn tó orúkọ mi ni mo fẹ́ kọ, lẹ́tà kan ṣoṣo sì dínà mọ́ mi. Ẹnu ya àbúrò mi náà. Ó ní òun á béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun.

Àárín àkókò yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé màmá mi kò bú táì ẹni tó ń ka ìròyìn mọ́. Ó ṣì ń fa àga sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́, ó ṣì ń mi orí bí ìròyìn bá dùn. Mo bi í pé kí ló dé.

Ó ní, "Ó ti ń múra dáadáa báyìí."

Mo wo tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin ló ń ka ìròyìn.

N kò sọ fún un. Mo wọ yàrá mi, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo tẹ E, mo sì fi ìbínú tẹ gbogbo bọ́tìnì ara rẹ̀ bó ṣe wù mí. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé inú ń bí mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé A tí mo tẹ̀ di Q. Mo tẹ Q, ó di A. Z di W. Mo ti rí irú èyí rí. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní Ìbàdàn, mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ̀wé sílé, mo kọ "mama" láìwo ìka mi, ohun tó jáde ni ;q;q. A rẹ́rìn-ín nígbà náà pé màmá wa ti di aláàmì. Bí wọ́n ṣe to lẹ́tà sára kọ̀ǹpútà àwọn tó kàwé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n ṣe tò ó sára tiwa.

Kọ̀ǹpútà mi gbọ́ Faransé bí ó bá jí tán. Ṣùgbọ́n kó tó jí, nígbà tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́. Kò mọ̀ pé Lomé lòun wà. Pátákó tuntun tí mo rà, Lomé ni mo ti rà á, lọ́nà Faransé ni wọ́n to òun náà, kí ni ì bá yí padà?

Mo wo ẹ̀gbẹ́ N, níbi tí M máa ń wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. Kóómà ló wà níbẹ̀ lára tèmi. Mo tẹ kóómà. M jáde. Mo kọ ìyókù, mo sì tẹ bọ́tìnì tó ní kó máa lọ. Ó jí. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ tóbi, wọ́n sì rí wúruwùru, àmọ́ ó jí. Mo bú sẹ́kún.

Ó ṣì ku kí a dá dírẹ́bà àtijọ́ padà, torí bí ó ṣe jí láìní dírẹ́bà yìí, kò mọ̀ pé ihò okùn tẹlifíṣọ̀n wà. Àbúrò mi ń fi àṣẹ ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ ọ́, kọ̀ǹpútà ń dáhùn. Íńtánẹ́ẹ̀tì lọ, ó dé. A tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó lọ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́sàn-án Sunday kan, mo tan kọ̀ǹpútà, ìlà méjì yọ, mo mú ńlá, pílọ́ọ̀tù ńlá náà sì dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ rekete.

Mo sáré lọ sọ fún màmá mi. Ó wẹ̀. Ó ní kí n bá òun mú aṣọ tuntun yẹn nínú àpótí. Mo mú un wá, ó ró o, inú ló kọ sí òde, n kò sì lè sọ ọ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ki okùn bọ̀ ọ́. Òrùlé tí wọ́n ń kàn nígbà náà yọ, ọ̀run rẹ̀ funfun, àwọn káfíńtà wà lókè. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bo ojú màmá mi láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Ṣé ó ti tàn?"

Mo ní, "Ó ti tàn, Màmá."

"Mo gbọ́ atẹ́gùn," ó ní. "Ṣé ó ti rẹ́rìn-ín?"

"Kò tíì. Ó ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yẹn."

"Èyí tí mo ní kó má wọ̀."

"Òun ni, Màmá."

Ó ń mi orí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gan-an, ó sì kọ ọ́ sí ojú fèrèsé, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń wọlé, mo rò pé ìyẹn nìkan ni ohun tó mọ́ fún un. Bàbá mi yíjú. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa.

"Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, Màmá! Ẹ̀yin ló ń wò!"

"Níbo?"

Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. Mo di ọwọ́ náà mú, mo fà á sọ́dọ̀ tẹlifíṣọ̀n, mo fẹ́ tẹ́ ẹ lé bàbá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa dé ojú dígí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti yí kámẹ́rà kúrò, òkìtì iyanrìn tí wọ́n dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni ọwọ́ màmá mi bà lé.

Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú dígí náà, bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn.

Ó ní, "Ó gbóná."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.